Ìdí-Orógbó Kò Sí Lórí Fóònù

Nígbà tí ìyá Nọ́síràtù kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ relé, inú ilé rẹ̀ ló jókòó sí. Orí àga tí ọkọ rẹ̀ rà fún un nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló wà, nínú pálọ̀ ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ sí Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ó ń já ewé ẹ̀fọ́ sínú abọ́. Ó kàn gbójú sókè ni, ó ní, "Mo fẹ́ re ulé."

Nọ́síràtù rẹ́rìn-ín. "Màámi, inú ilé náà lẹ wà yìí."

"Ulé wa ni mo wí."

Ẹ̀rín kú mọ́ Nọ́síràtù lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò gbọ́ ọ rí kí ìyá rẹ̀ pe ilé ní ulé. Èdè Òṣogbo ni ìyá náà fi tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mùíbì, òun ló fi ń bá àwọn ará àdúgbò jà, òun náà ló fi ń bá wọn rẹ́. Àwọn ọmọ mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n mọ̀ pé Phebe ni wọ́n ń pè é kó tó di Kàdíjátù, pé ìdílé onígbàgbọ́ ló ti wá, pé baba rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ tẹ ojúde òun mọ́ nígbà tó fẹ́ mùsùlùmí. Wọn ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè nípa àwọn ará ilé rẹ̀, a ní, "Ẹ̀yìn ọ̀hún ti di igbó," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nọ́síràtù ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ní sẹkitéríàtì Àbéré. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, ìdí nìyẹn tó fi padà sílé baba rẹ̀ láti máa tọ́jú ìyá. Mùíbì ní ilé tirẹ̀ lápá ibòmíràn nínú ìlú, a sì máa yà kí wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nọ́síràtù kì í ṣe aláriwo. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé bí iná bá jó o, ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ló máa bá a kígbe.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ulé kò kúrò lẹ́nu ìyá mọ́. Nǹkan mìíràn sì ń tẹ̀lé e. Á ṣe àlùwàlá, á kírun tán, á tún dìde láti lọ ṣe àlùwàlá. Ó gbé ìkòkò òfìfo ka iná, ó jókòó tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nọ́síràtù bá a lórí ẹní ìkírun, ó kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí onígbàgbọ́, ó ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọ orin kan tí Nọ́síràtù kò mọ̀. Dókítà ní ọpọlọ ló ń gbó, kò sóògùn rẹ̀. Mùíbì ní, "Ìyá ń ṣarán ni. Ẹni tó bá pẹ́ láyé lè ṣe é. Ṣe sùúrù."

Nọ́síràtù ń ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń bẹ̀ ọ́ lójoojúmọ́ pé kó o mú òun relé, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bíi ti ọmọdé tó sọnù lọ́jà, sùúrù a máa tán. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá.

"Màámi, níbo ni ulé yín gan-an?"

"Ìdí-Orógbó." Ó dáhùn kíá, bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara rẹ̀.

Nọ́síràtù wá Ìdí-Orógbó lórí fóònù, kò rí i nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Igbó aláwọ̀ ewé nìkan ni fóònù ń fi hàn án. Ó bi àwọn ará Iléṣà tó wà ní ọ́fíìsì, wọn ò gbọ́ orúkọ náà rí. Ọ̀kan nínú wọn, Èyítáyọ̀, ọkùnrin tó fẹ́ràn ìtàn ìlú, ló sọ fún un pé àwọn máàpù àtijọ́ kan wà tí ìjọba yà láyé ọjọ́un. Ó ní àwọn awọnlẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn ká oko kí wọ́n tó yà á. "Àwọn kan ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Abà tí kò ju ilé mẹ́ta lọ, ẹ ó bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀."

Ó fi èyí tó kan Iléṣà ránṣẹ́ sí i. Nọ́síràtù fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ìlà pupa rúsúrúsú yí àwọn òkè ká, ọ̀kan nínú èkejì, bí ìlà orí àtàǹpàkò. Ìlà búlúù ni odò. Ìlà tó já lójúlójú ni ọ̀nà ẹsẹ̀. Ó wá apá Ifewara, ó tọ ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lọ sẹ́yìn òkè kan, ibẹ̀ ló sì ti rí i: àmì dúdú kéékèèké mélòó kan tó dúró fún ilé, àgbélébùú kan tó dúró fún ṣọ́ọ̀ṣì, àti orúkọ náà. Obìnrin tí kì í pariwo kígbe nínú ọ́fíìsì.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ bánà ní Òkè-Fìà, pé kí wọ́n bá òun tẹ apá ibẹ̀ kó tóbi dáadáa, nítorí ojú ìyá kò ríran tó mọ́. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wo kọ̀ǹpútà títí, kò yé e.

"Màmá, fọ́tò òkú ńkọ́? Ọjọ́ wo ni ìsìnkú?"

"Kò sókùú níbẹ̀," ni Nọ́síràtù wí.

Nígbà tó tẹ́ bánà náà sílẹ̀ ní pálọ̀, ìyá dìde lórí àga, ó rá kòrò sórí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó kàwé dé ìwé kẹfà kó tó lọ sílé ọkọ. Ó ka orúkọ náà jáde, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka lé ìlà búlúù kan. "Odò Ẹlẹ́tù rè é." Ó gbé ìka sórí ìlà tó já lójúlójú. "Ọ̀nà ṣúkúù rè é. Òun la máa ń gbà lójò, nítorí odò á ti kún nísàlẹ̀. A ó yí ẹ̀yìn òkè po, a ó gba orí àpáta kọjá." Ìka rẹ̀ ń bá ọ̀nà náà lọ, kò ṣi ẹsẹ̀ níbì kankan, obìnrin tí kò rántí bóyá òun jẹun àárọ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Bí Sátidé bá ti dé, Nọ́síràtù á gbé ìyá sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó, á ká bánà náà sẹ́yìn, wọ́n á gba Iléṣà dé Ifewara. Ọ̀pọ̀ abà tó wà lórí máàpù láàárín Ifewara àti òkè yẹn ni kò sí mọ́. Níbì kan, wọ́n bá pèpéle sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti ń sá kòkó, igi ti hù là á láàárín. Níbòmíràn, wọ́n bá àbọ̀ ògiri alámọ̀ àti ibojì mélòó kan tí koríko ti bò. Ìyá á dúró, á nawọ́. Ibí ni ilé Barnabas tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ibí ni Ìyá Adéjọbí ti máa ń din àkàrà, òjò ìbáà rọ̀. Àwọn àgbà Ifewara tí Nọ́síràtù bi léèrè ní òótọ́ ni, abà kún ibẹ̀ rí. Nígbà tí igi kòkó darúgbó, tí àwọn ọmọ gba ìlú ńlá lọ, tí àwọn àgbà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó kù tó ń roko.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Nọ́síràtù kò rí ohun tó dùn mọ́ ọn báyìí. Ó ń mọ ìyá rẹ̀ lákọ̀tun. Ó mọ̀ pé baba rẹ̀ àgbà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ lórin. Ó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ gun igi ọsàn lọ́mọdé, ó jábọ́, àpá rẹ̀ ló wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ títí dòní, àpá tó máa ń sọ fún wọn pé omi gbígbóná ló fà á.

Mùíbì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ò ń gbé ìyá arúgbó kiri inú igbó láyé tí ajínigbé wà yìí. Kí lẹ fẹ́ bá níbẹ̀?"

"Ara ìyá ń balẹ̀ bí a bá dé, Bọ̀dá mi. Ẹ ò rí i bó ṣe ń sùn lálẹ́ Sátidé."

Wọn ò tíì dé Ìdí-Orógbó fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ já sí etí odò. Afárá onígi tó wà níbẹ̀ ti wó, òjò sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Àgbẹ̀ kan tó tún ń ṣọdẹ, Ọlọ́rundáre, ló bá wọn níbẹ̀. Ó kí ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó yíjú sí Nọ́síràtù, ó ní kí wọ́n padà.

"Àwọn tó ń wa wúrà ló wà lódì kejì, mọ̀ǹmọ́. Wọ́n ti gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ibi tí ẹ ó mú màmá lọ."

Nọ́síràtù ní kí àwọn padà. Ìyá kò gbà. Ó di igi kan mú, ó ní òun ti ń gbóòórùn èéfín ìdáná ìyá òun. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nọ́síràtù kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́, ó dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Màámi, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà. A ó rékọjá. Mo ṣèlérí fún yín." Ìgbà yẹn ni ìyá tó wọ ọkọ̀.

Ohun gbogbo ni ìyá ń gbàgbé, àmọ́ kò gbàgbé ìlérí yẹn. Ní àràárọ̀ ló ń bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé?" Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le sí i ni.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ tí ìyá sọnù. Rùkáyà, ayálégbé tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ló máa ń bá Nọ́síràtù fojú sí i. Rùkáyà ní òun gbé ẹ̀kọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, òun sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti parí aṣọ oníbàárà kan. Nígbà tó fi máa padà wá gbé abọ́, ẹ̀kọ ti tutù, bẹ́ẹ̀dì ṣófo, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbayawu. Híjáàbù rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ó ká a dáadáa.

Nọ́síràtù kò mọ bí òun ṣe dé ilé láti Àbéré. Wọ́n wá gbogbo Òkè-Fìà. Ó ń dá ọlọ́kadà dúró, ó ń dá oníkẹ̀kẹ́ dúró, ó ń na fóònù sí wọn lójú. Ó dé Ọjà Ọba, ó ń sáré láàárín àwọn alábàárù. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà kan, ó pupa, ó wọ sálúbàtà búlúù." Àwọn kan káàánú rẹ̀. Àwọn kan kò tilẹ̀ wo fóònù náà. Wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun àláàsárì, wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó máa gbàdúrà, kó má sì pa fóònù rẹ̀.

Mùíbì dúró láàárín pálọ̀, lórí ibi tí wọ́n máa ń tẹ́ bánà náà sí. "Ìwọ lo fà á," ló wí. Kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. "Ọgọ́ta ọdún ni ìyá fi gbàgbé ibẹ̀. Ìwọ lo lọ tẹ́ igbó sílẹ̀ fún un ní pálọ̀."

Ohun tí Nọ́síràtù náà ti ń sọ fún ara rẹ̀ látìgbà náà nìyẹn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Bó ṣe ń kán sórí páànù, ńṣe ló dà bíi pé orí ìyá rẹ̀ gan-an ló ń kán sí. Kò lè jẹun, kò lè jókòó. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá bá a kẹ́dùn, àwọn kan nínú wọn sì ti ń sọ̀rọ̀ ìyá bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ. Èèyàn dáadáa ni, wọ́n ní. Nọ́síràtù fẹ́ lé wọn jáde.

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Akeem ló pe nọ́ńbà tí wọ́n sọ lórí rédíò. Ó ní òun gbé ìyá kan láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó níwájú, ó ń sọ̀rọ̀ tó já geere, ó ní òun ń lọ kí àwọn ará ilé òun. "Mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, mà. Èmi fúnra mi ni mo fà á lé onímọ́tò Ifewara lọ́wọ́. Ẹ forí jì mí, ẹ jọ̀ọ́." Onímọ́tò Ifewara náà rántí rẹ̀. Ó ní ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà oko ti yà, ó ní ọmọ òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n dé etí odò náà lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Nọ́síràtù àti Mùíbì. Odò ti kún, ó pọ́n bí epo, ó ń ru igi lọ. Àwọn ará Ifewara ti ránṣẹ́ sí Ọlọ́rundáre, òun àti àwọn ọdẹ mìíràn sì ti wá gbogbo ọ̀nà oko láti àárọ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó wo odò náà tó fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Kò lè rékọjá ibí," ni Mùíbì wí. "Yóò ti padà sí títì. Ẹ jẹ́ ká dúró de ọlọ́pàá."

Nọ́síràtù ti lọ gbé bánà jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, òjò ń ta sí i. "Kò rékọjá níbí. Òjò ló ń rọ̀. Ọ̀nà ṣúkúù ló gbà." Ó fi ìka tọ ìlà tó já lójúlójú náà. "Ó yí ẹ̀yìn òkè po."

"Kò sọ́nà níbẹ̀ mọ́, mọ̀ǹmọ́," ni Ọlọ́rundáre wí. "Èmi tí mo ń ṣọdẹ níbí, n kò rí i rí."

"Òun mọ̀ ọ́n."

Mùíbì já bánà náà gbà, ó fi lu ilẹ̀. "Ṣé ohun tó pa á náà lo tún fẹ́ fi wá a? Nọ́síràtù, ṣé orí rẹ pé?" Ó ń sunkún. Nọ́síràtù kò tíì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sunkún láti ọjọ́ tí baba wọn ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bánà náà, ó fi ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó sì kọjú sínú igbó. Ọlọ́rundáre wò ó, ó fa àdá yọ, ó bọ́ síwájú rẹ̀.

Lóòótọ́, kò sọ́nà. Ṣùgbọ́n òkè wà níbi tí máàpù ní ó wà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá a lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n gé igbó dé ibì kan, Ọlọ́rundáre dúró. Igi obì ló tò lọ síwájú, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó ti darúgbó, irú èyí tí wọ́n máa ń gbìn sétí ọ̀nà. Ó fi àdá tọ́ka sí wọn. Nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú igi náà, ìpasẹ̀ sálúbàtà wà nínú ẹrẹ̀, ó kéré. Nọ́síràtù sáré síwájú, ẹ̀gún ń ya á lára, ó ń pè. "Màámi! Màámi o!" Òjò ló ń dá a lóhùn.

Wọ́n gba orí àpáta kọjá odò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni máàpù kò wúlò mọ́. Níbi tí ìlà búlúù yẹ kó ṣẹ́ kọ́nà, odò náà kò sí níbẹ̀, wọ́n ti fi kàtàkàtà yí i padà. Ilẹ̀ títẹ́jú tó wà lórí máàpù ti di òkìtì yanrìn àti kòtò, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, omi pípọ́n kún inú wọn dẹ́nu. Nọ́síràtù ń yí bánà náà síbí sọ́hùn-ún. Níbi tí àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì wà, kòtò tó tóbi jù lọ ló wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ sálúbàtà búlúù kan wà létí rẹ̀.

Nọ́síràtù kò pariwo. Ó ń rìn wọnú omi náà pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó dé e ní orúnkún, ó dé e ní ìbàdí, kí Ọlọ́rundáre tó fa apá rẹ̀. Ó ń jà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá mi wà nísàlẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀, òtútù á máa mú un." Mùíbì tó ti ń tọ ìpasẹ̀ wọn bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọdẹ yòókù dé síbẹ̀, ó rí sálúbàtà, ó wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọdẹ gé ọparun, wọ́n ń fi tọ inú omi náà láti etí dé etí. Bí ọparun náà bá ti kan nǹkan, Nọ́síràtù á tún fẹ́ bọ́ sómi. Gbòǹgbò ni. Lẹ́yìn náà, òkúta ni. Lẹ́yìn náà, ohun kan tó rọ̀, wọ́n fà á sókè, àpò yanrìn tó ti já ni.

Wọ́n ṣì ń tọ ọ́ lọ nígbà tí obìnrin kan yọ lẹ́yìn òkìtì, ó ru igi ìdáná. Kàósárà ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń wa wúrà. Ó fẹ́ sá nígbà tó rí ìbọn àwọn ọdẹ. Lẹ́yìn náà, ó rí ojú Nọ́síràtù, ó dúró.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wá màmá?"

Ìyá wà lábẹ́ tapóòlì, lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ kóòtù ọkùnrin kan tó bò ó dé orúnkún. Kàósárà ní àwọn bá a létí kòtò lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń lé àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n kúrò, ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gbé e jáde sí títì, wọ́n á ní àwọn jí i gbé, torí ìjọba kò mọ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. "Mo sọ fún wọn pé ìyá ẹnìkan ni," ni Kàósárà wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n."

Nọ́síràtù wó sí ìyá lẹ́sẹ̀, ó gbá a mú. Ara ìyá gbóná bí iná. Ìyá fi ọwọ́ gba orí rẹ̀, ó wò ó. Ìyá ara rẹ̀ ló rò pé òun ń wò. "Yèyé," ló wí, "ẹ pẹ́. Mo ti ń retí yín."

Kí wọ́n tó gbé e lọ, Nọ́síràtù ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó rò pé bí ìyá bá mọ ibi tó wà, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó di apá rẹ̀ mú, ó mú un dé ibi tí wọ́n ti lè rí gbogbo ilẹ̀ náà, òkìtì, kòtò, páìpù, ẹ̀rọ tó ń fa omi. "Màámi, ẹ wò ó. Ìdí-Orógbó rè é. A ti dé."

Ìyá wò ó pẹ́. Ó wo òkè, ó wo kòtò, ó wo Nọ́síràtù bí ẹni tó ń tan òun jẹ.

"Ubi kọ́," ló wí. "Ẹ mú mi re ulé."

Mùíbì ló pọ̀n ọ́n jáde nínú igbó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Òtútù ti wọ ìyá láyà, ó pẹ́ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tí wọ́n padà délé, Mùíbì ra àgádágodo sí géètì. Nọ́síràtù fiṣẹ́ sílẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó pé, torí kò lè jókòó sí Àbéré kó máa ronú nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí Mùíbì sọ fún un pé òun ló fà á, Mùíbì ti bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ̀, Nọ́síràtù sì ti ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tó nira jù ni géètì. Ní àràárọ̀, ìyá á gbé àpò rẹ̀, á lọ dúró níbẹ̀, á máa mì í. Á máa bẹ Nọ́síràtù bí ẹni bẹ wọ́dà. Àwọn tó ń kọjá lọ á dúró, wọ́n á máa wò wọ́n. Nígbà mìíràn, Nọ́síràtù á wọ yàrá, á fi ìrọ̀rí bo etí rẹ̀, á máa bẹ Ọlọ́run pé kó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá òun. Níbo ló máa mú un lọ? Kò síbi kankan lórí ilẹ̀ tó lè mú un dé tí ìyá á fi gbà pé òun ti délé.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ìyá dákẹ́. Kì í ṣe pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kan, kò lọ sí géètì, kò sì sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ náà kò tíì sọ nǹkan kan títí di ìsinsìnyí. Dókítà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò mọ Mùíbì mọ́. Kò mọ Rùkáyà. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọṣọ fún un, wọ́n ń gbé e sórí àga.

Nọ́síràtù ló ń fún un lóúnjẹ. Á jókòó sí iwájú rẹ̀, á fi abọ́ sórí itan, á máa bá a sọ̀rọ̀. "Màámi, ẹ sọ̀rọ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ sọ ọ́. Ẹ bú mi, kò burú." Ìyá á máa wò ó. Nígbà mìíràn, ètè rẹ̀ á mì, á la ẹnu, Nọ́síràtù á gbé etí sún mọ́ ọn kíá. Ṣíbí ni ìyá ń retí.